Abẹ́ Sienna mi ti dógùn-ún, ṣé kí n họ gbogbo ọ̀dà àtijọ́ ni àbí kí n kun tuntun lé e?

Ọmọ Ajara:
Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí. Mo ní Toyota Sienna kan, tòkunbọ̀ láti Kánádà, ẹ́ńjìnì ẹ̀ dáa, gíà ẹ̀ dáa, bọ́dì ẹ̀ lókè mọ́ tónítóní, àmọ́ ìgbà tá a gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Mowo, ní Badagry níbí, láti pààrọ̀ búṣì la tó rí i pé abẹ́ ẹ̀ ti dógùn-ún gan-an. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi bo abẹ́ ẹ̀ látòkè òkun ti ń ṣí bí èèpo, téèyàn bá fọwọ́ kàn án ìpẹtà á máa dà sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn àti abẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn ló burú jù. Mẹkáníìkì ní ká fín kọ̀ńdẹ́mù óìlì, epo ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti lò, sí i, panẹlibítà ní òun á kun kólítà lé e kó di tuntun, ẹlòmíì tún ní kí n wá àwọn tó ń fi yanrìn fẹ́ irin, ó ní yanrìn ò kúkú wọ́n wa létí òkun. Ọ̀rọ̀ wá dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Ọkọ̀ yìí ni mo fi ń kérò lọ Mile 2, òun là ń jẹ nílé, mi ò fẹ́ kó jẹrà. Ilé mi ò sì jìnnà sí ọ̀sà.

Jórin-jórin Ibereko:
Bọ̀dá, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kun kólítà lé ìpẹtà o, mo bẹ̀ yín. Ìpẹtà máa ń fa omi mọ́ra, iyọ̀ wà nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá fi kólítà dé e mọ́lẹ̀ ẹ ò ní rí i mọ́ àmọ́ á máa jẹun lọ lábẹ́ ibẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa mọ̀ ni ọjọ́ tẹ́sẹ̀ èrò bá gba fulọ́ọ̀ yọ. Ọkọ̀ Kánádà yàtọ̀, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín kí mọ́tò má bàa yọ̀, iyọ̀ yẹn ló ń ta sábẹ́ ẹ̀. Sienna gan-an, Toyota fúnra wọn pè é padà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2010, ti 1998 títí dé 2010, torí iyọ̀ ojú títì ń jẹ wáyà tó gbé táyà sípíà dúró lábẹ́, táyà sì lè já bọ́ sójú ọ̀nà, nítorí náà ẹ wo tiyín dáadáa. Ó tún wá dé Badagry, atẹ́gùn òkun ń fẹ́ iyọ̀ tiẹ̀ sí i.

Ìfọ̀ lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Omi tó mọ́ o, kì í ṣe omi ọ̀sà, kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ́n ọn sí gbogbo kọ̀rọ̀, kí wọ́n sì ṣí àwọn ihò kéékèèké tí omi ń gbà jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, iyẹ̀pẹ̀ sábà máa ń dí wọn. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú. Lẹ́yìn náà ẹ mú òòlù kékeré àti sukurudíráfà, ẹ máa kàn án káàkiri: ibi tó bá dún kẹ́ń, irin ṣì wà níbẹ̀. Ibi tó bá dún pọ̀ọ̀ tàbí tí sukurudíráfà wọlé, ìyẹn ti kúrò lọ́rọ̀ ọ̀dà, kí wẹ́dà gé e dé ibi irin tó le kó jó páànù tuntun mọ́ ọn. Ẹ má gbà kí wọ́n fi bọ́dífílà dí ẹ̀gbẹ́ ibi tí sọ́ọ̀kì ti so mọ́ bọ́dì láéláé. Ọ̀dà àtijọ́ tó bá ṣì di irin mú ṣinṣin, ẹ fi í sílẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀. Èyí tó ti ṣẹ́nu lẹ máa họ, kẹ́ ẹ máa lé e lọ títí dé ibi tó ti lẹ̀ dáadáa.

Àgbà Dírẹ́bà:
Èmi ò ní gbà pé kọ̀ńdẹ́mù ò dáa o. Àwa tá a ti ń wakọ̀ títì yìí tipẹ́, òun là ń fín, omi ò sì lè dúró lórí epo.

Jórin-jórin Ibereko:
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni, epo ń lé omi. Àmọ́ ó ń ba rọ́bà búṣì jẹ́, ó lè ta sí dísìkì bíréèkì, ó ń kán sílẹ̀ lọ sínú kànga wa, tó bá sì ń kan ara léraléra ó lè fa jẹjẹrẹ awọ ara. Tẹ́ ẹ bá ti fín in tán, ọ̀dà kankan ò ní lẹ̀ mọ́ irin yẹn mọ́ àfi tẹ́ ẹ bá fọ epo ẹ̀ kúrò pátá. Inú ihò abẹ́ ilẹ̀kùn tí búrọ́ọ̀ṣì ò lè dé, ibẹ̀ ni mo gbà kẹ́ ẹ fín wax tàbí epo tuntun sí, lẹ́yìn tí ọ̀dà bá gbẹ.

Péńtà Topo:
Ti yanrìn yẹn ni mo fẹ́ sọ. Yanrìn etí òkun ní iyọ̀ nínú, tẹ́ ẹ bá fi fẹ́ irin, iyọ̀ náà lẹ tún ń gbá wọnú ẹ̀. Eruku ẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ẹni tó bá ń fà á símú lè ní silicosis, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan, ìyẹn ò sì gbóògùn. Sikirépà, búrọ́ọ̀ṣì onírin tí wọ́n ń so mọ́ fáílíǹgì mẹṣíìnì, sánpépà 80, ó tó. Ẹ wọ gọ́gù torí wáyà búrọ́ọ̀ṣì yẹn máa ń já fò, ẹ bo imú, kẹ́ ẹ sì gbé ọkọ̀ lé síítáńdì onírin, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, mẹṣíìnì yẹn ń ta iná, táǹkì epo sì wà nítòsí.

Tí irin bá ti ń dán, ẹ fi tínà nù ún, ẹ kun práímà, ọ̀dà àkọ́kọ́ tó ń di irin mú, lọ́jọ́ náà, etí ọ̀sà la wà, tó bá sùn láìkùn á ti pọ́n kílẹ̀ tó mọ́. Ibi tí ìpẹtà ti jẹ wọnú wínníwínní tí búrọ́ọ̀ṣì ò kó o tán, ẹ fi rust converter, oògùn tó ń yí ìpẹtà padà, kùn ún, ásíìdì inú ẹ̀ á sọ èyí tó kù di dúdú, àmọ́ kò lè ran èèpo tó nípọn o, ẹ kọ́kọ́ họ ìyẹn. Épọ́kísì práímà ló dáa jù, rẹ́ẹ̀dì ọ́ksáídì náà á gbìyànjú tówó ò bá tó. Lẹ́yìn ẹ̀ lẹ tó lè kun dúdú lé e. Ẹ fi ọ̀rá wé sàlẹ́ńsà àti bíréèkì, ẹ má sì dí ihò omi.

Ọmọ Ajara:
Ọlọ́run á bù kún yín. Òjò ti ń rọ̀ lójoojúmọ́ níbí, ṣé kí n dúró dìgbà ọyẹ́ ni?

Jórin-jórin Ibereko:
Ẹ má dúró. Ìgbà ọyẹ́ ló dáa jù lóòótọ́ torí afẹ́fẹ́ gbẹ, àmọ́ ẹ fọ iyọ̀ ẹ̀ kúrò báyìí, kẹ́ ẹ máa ṣe é ní apá kan apá kan lábẹ́ òrùlé lọ́jọ́ tóòrùn bá yọ. Ẹ wo páípù bíréèkì tó gba abẹ́ lọ sẹ́yìn ná, tó bá ti dógùn-ún débi pé èékánná ń họ nǹkan kúrò lára ẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé èrò kankan.