Ẹ dákun, ta ló mọ SubSpace dáadáa níbí?

Ẹ̀yin tèmi, inú ń bí mi ni mo fi ń kọ eléyìí. Ṣágámù ni mo wà, géèmù SubSpace yẹn, géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tá a ti ń fi ọkọ̀ òfuurufú yìnbọn fún ara wa, tó jáde ní 1997 tí wọ́n ń pè ní Continuum báyìí, òun ni mò ń gbá lálaalẹ́. Màá gbé ọkọ̀ Warbird, ọwọ́ mi á ti wọlé, màá ti pa bí èèyàn mẹ́fà, àfi kí wọ́n ṣàdédé jù mí sí spec kí n máa wòran bí ẹni tí ò rówó wọlé bọ́ọ̀lù. Àwọn òyìnbó yẹn ti mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà ni mí ni jàre. Mo tún ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kíbọ́ọ̀dù o, Ctrl ti tẹ́lẹ̀ ti rì wọlé torí ìbọn. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ìpẹru: Lag ni. Tí nẹ́ẹ̀tì ẹ bá ń já, ọkọ̀ ẹ á máa fò kiri lójú àwọn tó kù, ọta ò ní bà ẹ́. Ta ló máa gbà fún ẹ?

Bàbá Ìbejì: Kó dín ìbọn kù. Ẹ́nájì tó fi ń yìnbọn náà ló fi ń gbọta, tó bá ti yìn ín tán, ọta kékeré á pa á. Nígbà tá a máa ń sanwó òru mọ́jú ní káfẹ́ n'Ìjẹ̀bú-Òde, ọkọ̀ Leviathan lèmi ń gbé, ẹ̀fọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Ọmọ Ìpẹru: Bàbá, wọ́n lé e ni, kò ní wọ́n pa òun.

Àǹtí Ẹlẹ́ja: Àgbàlagbà ń yìnbọn nínú kọ̀ǹpútà. Lọ sùn.

Ẹni tó bèèrè: Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wá sílẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì mi dáa o! Aago mẹ́jọ lálẹ́ nìkan ló máa ń wọ́.

Ọmọ Ìpẹru: Kí ló wà láago mẹ́jọ?

Ẹni tó bèèrè: Ìyàwó mi á gbé fóònù ẹ̀ lọ sídìí ààrò lẹ́yìnkùlé. Hotspot ẹ̀ ni mò ń lò.

Àǹtí Ẹlẹ́ja: Ó mọ̀?

Ẹni tó bèèrè: Kò bi mí. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ni ìyàwó mi ní ó ń jẹ dátà òun, ó ti lé ọmọ náà padà s'Íkẹ́nnẹ́ láti Mọ́ńdè.

Àǹtí Ẹlẹ́ja: Yéè! Ọmọ ọlọ́mọ!

Bàbá Ìbejì: Dìde níbi tó o jókòó sí, lọ bá ìyàwó ẹ báyìí.

Ẹni tó bèèrè: Màá sọ fún un, ẹ má pariwo. Àmọ́ tí mo bá ra síìmù tèmi, ṣé wọ́n á ṣì máa jù mí sí spec?