Ojú táàpù kì í ṣe "ìparí" rẹ̀

Nínú ìjíròrò wa lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó yẹ fún àwọn ohun èlò balùwẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n dá lábàá pé ká fi túmọ̀ finish, ìyẹn bí ara táàpù, orí ṣáwà àti ọ̀pá ìfiṣọkọ́ ṣe rí nígbà tí wọ́n bá kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe wọ́n: ìparí àti àwọ̀. N kò fara mọ́ ìkankan. Ìparí ni ibi tí nǹkan tán sí. Àwọ̀ sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ ẹ gbé táàpù tí wọ́n fi nickel, irin funfun kan, bò, tó ń dán bíi dígí sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fà lára. Nickel ni méjèèjì. Ọ̀kan ń fi ojú ẹni hàn wá, èkejì ní ìlà wẹ́wẹ́ bí irun. Ojú ni wọ́n fi yàtọ̀. A ń sọ ojú omi àti ojú ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ojú dídán àti ojú oníìlà.

Ohun tí wọ́n fi bo táàpù tún yàtọ̀ sí ojú rẹ̀. Ẹnì kan ní ká pè é ní ọ̀dà. Kì í ṣe ọ̀dà rárá. Inú omi tí wọ́n ti yọ́ nickel sí ni wọ́n ń rì í bọ̀, tí iná mànàmáná á sì fa nickel náà lẹ̀ mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn èyí ni kuróómù, irin mìíràn tó ń dán, yóò gun orí rẹ̀. Kuróómù yìí kì í sábà nípọn tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Nickel tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń dáàbò bo idẹ tí wọ́n fi ṣe táàpù gan-an. Èèpo ni mo fọwọ́ sí, nítorí gbogbo wa la ti ń sọ pé "táàpù yìí ti ń bó", èèpo ló sì ń bó.

Ìsàlẹ̀ èèpo ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà wò. Ẹ yẹ inú ẹnu ibi tí wọ́n ń dè mọ́ páìpù wò, níbi tí èèpo kì í sábà dé. Bó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, idẹ ni. Bó bá rí bí eérú, tó sì fúyẹ́ lọ́wọ́, síńkì ni. Tí omi bá rí ihò bíńtín wọlé, síńkì náà á wú lábẹ́ èèpo bí iléròrò, kò sì sí ohun ìfọ̀ tó lè tún un ṣe.

Oríṣi èèpo kan wà tí wọn kì í rì bọ omi, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní PVD. Inú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde ni irin bíi títéníọ̀mù ti ń di oru, tí oru náà á sì sẹ̀ sára táàpù. Ìrì ló ń sẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo dábàá èèpo-ìrì. Ó le ju kuróómù lọ, kì í tètè họ.

Fún funfun tí omi ń fi sílẹ̀ bó bá gbẹ, ẹfun omi ló bá a mu: ọmọ ìyá kan náà ni òun àti òkúta ẹfun ti Ewékorò. Ẹ po fínígà àti omi ní ìdajì-ìdajì, ẹ rẹ aṣọ sínú rẹ̀, ẹ fi wé ojú kuróómù fún ìṣẹ́jú 10, ẹ ṣan án, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ má jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Ẹ má fi kànìnkànìn onírin kàn án, bẹ́ẹ̀ ni ẹ má fi ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá kàn án, nítorí ó ń jẹ kuróómù. Ásíìdì àti bílíìṣì kò gbọdọ̀ pàdé, afẹ́fẹ́ olóró ni wọ́n ń bí. Lórí ojú oníìlà, ibi tí ìlà bá forí lé ni kí ọwọ́ yín gbà.

Ẹ jọ̀wọ́, ká má sọ pé idẹ "dógùn-ún". Irin ló ń dógùn-ún. Idẹ ń ṣú ni. Àbàwọ́n pupa lára táàpù idẹ sábà máa ń jẹ́ irin tó wà nínú omi kànga.

Ní ti idẹ tí kò ní èèpo, a kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun. Oríkì Ọ̀ṣun ti sọ pé ó ń wẹ idẹ kó tó wẹ ọmọ. Ìwẹdẹ ni: oje ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ rà á, kí ẹ ṣan án kíákíá. Èyí tí wọ́n bá ti fi fáníìṣì bò, ọṣẹ àti omi nìkan ni kó kàn án.