Ẹ̀rọ ń dún, n kò rí iná

Aránṣọ, Òṣogbo:
Wọ́n ní kí oníkálukú wa níbí sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà tó gbọ́ ìròyìn tí kò fẹ́ gbọ́. Tèmi, ọ̀rọ̀ ojú gan-an ni.

Glaucoma, àìsàn tó ń ba ojú jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ló fọ́ ìyá mi lójú, kò tíì pé ẹni ọgọ́ta ọdún. Àìsàn yìí a máa rìn nínú ẹbí, nítorí náà mo mọ̀ pé ó lè kàn mí, mo kàn ń yẹra fún un ni. Nígbà tí mo lọ yẹ ojú wò, wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Wọ́n bo ojú mi kan, wọ́n fi bọ́tìnì lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa tẹ̀ ẹ́ bí mo bá ti rí iná tín-ín-rín. Mo ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, mo ń gbọ́ tí ẹ̀rọ ń dún, kẹ́, kẹ́, kẹ́, n kò rí iná kankan. Kí dókítà tó la ẹnu ni mo ti mọ̀. Ó ní èyí tó ti lọ kò ní padà, pé oògùn tí à ń kán sójú lè dá èyí tó kù dúró.

Mo sọ ọ́ ní ìjọ. Háà! "A fagi lé e! Ìpín ìyá yín kọ́ ni ìpín yín!" Ẹnì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ní bí mo bá ń kán oògùn, mo ti gba ìròyìn èṣù wọlé nìyẹn. Mo pa oògùn tì fún oṣù mẹ́rin. N kò lè dá a lẹ́bi tán, èmi náà ń wá ẹni tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo máa padà sọ́dọ̀ dókítà, ojú òsì ti bàjẹ́ sí i.

Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 21 ló tún mi tò. Wòlíì Ágábù mú àmùrè Pọ́ọ̀lù, ó fi de ara rẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní báyìí ni wọ́n máa de ẹni tó ni ín ní Jerúsálẹ́mù. Ilé Fílípì ni, bàbá tí ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́rin ń sọ àsọtẹ́lẹ̀. Wọ́n bẹ Pọ́ọ̀lù kó má lọ, wọ́n ń sunkún. Ṣùgbọ́n nínú ilé tó kún fún wòlíì yẹn, kò sẹ́ni tó ní "a fagi lé e". Pọ́ọ̀lù náà kò sọ pé irọ́ ni. Ó ní ẹkún wọn ń mú àárẹ̀ bá òun lọ́kàn. Ó sì lọ.

Mo ń kán oògùn mi lálaalẹ́ báyìí. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń gé aṣọ, èmi ń fọwọ́ tọ́ etí aṣọ náà wò. Mo ń há Sáàmù sórí. Lálẹ́ Sátidé, màá pa iná ilé ìdáná, màá máa fọwọ́ wá nǹkan. Mo so rọ́bà mọ́ ọrùn ike iyọ̀, síbẹ̀ mo da ṣúgà sọ́bẹ̀ ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ kan. Ọmọ mi jẹ ẹ́, kò wí nǹkan kan, mo kàn gbọ́ tó ń fa imú. Mo ṣì ń gbàdúrà ìwòsàn o.

Ọmọ Kátíkíìsì, Abẹ́òkúta:
Ẹ kú ìfaradà, mà. Jẹjẹrẹ ni ti bàbá mi. Wọ́n ní kí n mú bírò wá, kí n kọ orin ìsìnkú àwọn sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bínú: "Bàbá, ìgbàgbọ́ yín dà?" Wọn ò dá a lóhùn. Wọ́n ní kí n yọ ẹsẹ kẹta kúrò, pé àwọn akọrin wa máa ń ṣì í kọ. Ó tó ọdún méjì lẹ́yìn ikú wọn kí n tó lè ṣí ìwé yẹn wò.

Ará Ìlọrin:
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ń ka Bíbélì fún yín?

Aránṣọ, Òṣogbo:
Ọmọ iṣẹ́ mi ni, bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ àwọn ìlú máa ń lọ́ ọ lẹ́nu, a ó jọ rẹ́rìn-ín. A ti dé orí 27 nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì. Pọ́ọ̀lù ti wọ ọkọ̀ ojú omi, ìjì ti bẹ̀rẹ̀.