Kurbaan (2009): ibo gan-an ni fíìmù yìí ti já wá kulẹ̀?

Wòran_Ayé béèrè:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olólùfẹ́ fíìmù Íńdíà. Ọ̀rọ̀ Kurbaan ni mo gbé wá, èyí tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009. Tí èèyàn bá ka orúkọ àwọn tó ṣe é, kò yẹ kó rí bó ṣe rí. Karan Johar ló kọ ìtàn rẹ̀, Dharma tó jẹ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ àti UTV ló gbé e jáde. Rensil D'Silva tó darí rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ Rang De Basanti (2006). Anurag Kashyap lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí àwọn òṣèré lẹ́nu. Saif Ali Khan, Kareena Kapoor, Vivek Oberoi, Om Puri, Kirron Kher, Dia Mirza, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀, kó tó parí, ara èèyàn á ti tutù.

Ṣé ìfẹ́ inú rẹ̀ ni kò wọlé ni, àbí ọ̀rọ̀ àwọn agbésùnmọ̀mí ni wọn ò mọ̀ ọ́n gbé kalẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé kò dùn. Ẹ tọ́ka sí ibi tó ti bàjẹ́ àti ohun tó bà á jẹ́. Ẹ tú àṣírí rẹ̀ bó ṣe wù yín, ẹni tó bá ń ka èyí yóò ti wò ó. Tí fíìmù mìíràn bá sì wà tó gbé irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ẹ dárúkọ rẹ̀.

Adékọ́gbọ́n dáhùn:

Ibi tí àṣírí ti tú ló ti bàjẹ́, àmọ́ ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣìṣe bọ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe to ìfẹ́ náà. Avantika (Kareena) ń kọ́ni nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní yunifásítì kan ní New York, ó wá sílé ní Delhi nítorí àìsàn bàbá rẹ̀. Ó pàdé Ehsaan (Saif), tí òun náà ń kọ́ni. Ìjà kékeré lórí táksí, orin, bàbá ìyàwó tó kọ́kọ́ ń lọ́ra nítorí pé Mùsùlùmí ni ọkọ, ìgbéyàwó, ó di New York. Nínú irú eré báyìí, gbogbo ohun tí ọkùnrin bá ṣe lákòókò ìfẹ́ gbọ́dọ̀ ní ojú méjì. Kó kọ́kọ́ jọ ìfẹ́ lójú wa, kó wá di ètekéte nígbà tí a bá mọ ẹni tó jẹ́. Kurbaan ní ẹyọ kan tó lágbára. Avantika fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, Ehsaan ní òun á tẹ̀lé e lọ. Ó jọ pé ó fi ara rẹ̀ jìn fún ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn la wá mọ̀ pé agbésùnmọ̀mí ni, pé ìyàwó yìí gan-an ni físà tó fi wọ Amẹ́ríkà.

Ibẹ̀ dára púpọ̀. Ó yẹ kí irú rẹ̀ tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin: ìbéèrè kan nípa ìwé ìgbélùú Avantika tó dà bí ọ̀rọ̀ àwàdà, tàbí kí Avantika rò pé òun ló yan ilé tí wọ́n ń gbé, nígbà tó jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ló rọra darí ẹsẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Orin ló gba gbogbo àyè yẹn.

Nígbà tí àṣírí fẹ́ tú, Salma tí ilé wọn kò jìnnà sí tiwọn sọ fún Avantika pé ẹ̀mí òun wà nínú ewu, ó sì dàwátì. Avantika yọ́ wọ ilé aládùúgbò, ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí àwọn ọkùnrin náà ń gbèrò, ó rí òkú Salma, ó wá rí i pé ọkọ òun wà lára wọn. Wàràwàrà ni gbogbo rẹ̀ tẹ̀ léra. Ìfura ò ráyè dàgbà. Ohun tí èèyàn ń retí ni pé kí ọkọ pa irọ́ kékeré kan, kó ṣe àlàyé tó mọ́gbọ́n dání, kí ìyàwó gbà á gbọ́ nítorí ìfẹ́, kí ẹ̀rí mìíràn wá ta ko àlàyé yẹn. Ìyàwó tó jẹ́ pé ìwà ẹ̀dá ni iṣẹ́ rẹ̀! Wọn ò lo ìmọ̀ yẹn fún ohunkóhun.

Àṣàkẹ́ Wòran dáhùn:

Mo fara mọ́ Adékọ́gbọ́n, àmọ́ ọ̀rọ̀ Riyaaz ló ba ìdajì kejì jẹ́ ní tèmi.

Avantika fi ohùn sílẹ̀ sórí fóònù Rehana (Dia Mirza) tó jẹ́ oníròyìn, láti kìlọ̀ fún un. Ó ti pẹ́ jù, bọ́ǹbù ti bú nínú ọkọ̀ òfuurufú tí Rehana wọ̀. Riyaaz (Vivek Oberoi), olólùfẹ́ Rehana, gbọ́ ohùn náà. Ẹ̀rí rèé lọ́wọ́ rẹ̀, ní Amẹ́ríkà tí jìnnìjìnnì ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 kò tíì kúrò lára wọn, kò sì gbé e lọ fún FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà. Ó ní òun á wọ inú ẹgbẹ́ náà fúnra òun. Láti ìgbà yẹn lọ, gbogbo ewu tó bá bá a, èèyàn á máa sọ ọ́ sí tẹlifíṣọ̀n pé, "Pe ọlọ́pàá!" Ẹ̀rù ò lè bani mọ́ níbi tí ọ̀nà àbáyọ bá wà gbayawu.

Ìdí tí ì bá mú un dákẹ́ kò sì ṣòro rárá. Ká ní ó lọ, kí wọ́n dá a jókòó, kí wọ́n máa bi í nípa orúkọ rẹ̀ àti mọ́sálásí tó ń lọ, kí ó rí i pé òun ni wọ́n fura sí. Ó máa yé wa, ó sì máa bá ọ̀rọ̀ tí fíìmù náà fẹ́ sọ mu.

Ẹ fi wé New York tí Kabir Khan darí, tó jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2009 kan náà. FBI ló mú Omar, Roshan (Irrfan Khan) ló sì há a sí kọ̀rọ̀ pé kó lọ ṣọ́ Samir tó ti jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé. Omar kò lè kọ̀, kò sì fẹ́ ṣe é. Láti inú ìyẹn ni gbogbo ìran tó kàn ti ń rí agbára. Wọ́n tún fi ohun tí ojú Samir rí ní àtìmọ́lé hàn wá, a rí ibi tí ìbínú rẹ̀ ti wá. Nínú Kurbaan, ìtàn ìyàwó àti ọmọ Ehsaan tí wọ́n pa, ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́, ó sì ti pẹ́ kí wọ́n tó sọ ọ́.

Ìdòwú_Orin dáhùn:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ ká gbé oríyìn fún ẹni tó tọ́ sí. Kirron Kher, tí wọ́n ń pè ní Aapa, àgbà obìnrin inú ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí náà, ni àgbà òṣèré inú eré yẹn. Kò pariwo. Ohùn ìyá tó ń tọ́jú àlejò ló ń lò, àwọn obìnrin àdúgbò kò sì lè wo ojú rẹ̀. Ìṣẹ́jú tó bá wọlé ni ara èèyàn á bù máṣọ. Ká ní òun àti Avantika ni wọ́n kọjú síra wọn títí dé òpin, ì bá dára ju bó ṣe rí lọ. Kareena náà ṣiṣẹ́ rẹ̀, pàápàá lẹ́yìn tó mọ̀ pé òun lóyún fún ọkùnrin tó ń bẹ̀rù.

Saif ló ṣòro fún mi. Òun ni àkítọ̀, òun náà ni bọ́ọ̀sì (ọ̀daràn inú eré), ojú kan náà ló sì fi ṣe méjèèjì. Ojú dídì yẹn yẹ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ ká gbà pé ìfẹ́ ti yí i lọ́kàn padà, kò sí àmì kankan tí a ti rí tẹ́lẹ̀.

Orin: Salim-Sulaiman ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Shukran Allah tí Sonu Nigam àti Shreya Ghoshal kọ ṣì ń dùn títí dòní. Ibi tí wọ́n fi í sí gan-an ni ìṣòro. Orin ìdúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ìfẹ́ ni, ẹnu ọkùnrin tó ń tan ìyàwó rẹ̀ ló sì ti ń jáde. Ó yẹ kí a tún gbọ́ ọ ní ìdajì kejì, bóyá láìlóhùn, nínú ilé tí wọ́n há Avantika mọ́, kí orin tó dùn mọ́ wa nínú di ohun tó ń dẹ́rù bà wá.

Ẹ má gbàgbé bí wọ́n ṣe polówó rẹ̀. Saif àti Kareena ń fẹ́ra wọn ní tòótọ́ nígbà náà, ẹ̀yìn Kareena ní ìhòòhò ni wọ́n fi sórí pósítà, títí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Shiv Sena fi fẹ̀hónú hàn ní Mumbai. Àwọn tó wá wo ìfẹ́ bá òkú pàdé, àwọn tó fẹ́ràn eré tó ń já ni láyà sì jókòó ti orin ìfẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Bàbá Àrẹ̀mú dáhùn:

Wòran_Ayé, ẹ wo Fanaa (2006) tí Kunal Kohli darí. Zooni, ọmọbìnrin Kashmir tí kò ríran, fẹ́ Rehan tó ń mú àlejò yíká Delhi. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú rẹ̀, kó tó rí Rehan wọ́n ní bọ́ǹbù ti pa á. Ibẹ̀ ni wọ́n ti jẹ́ kí àwa mọ̀ pé agbésùnmọ̀mí ni, Zooni kò mọ̀. Ọdún 7 lẹ́yìn náà, Rehan fara gbọgbẹ́, ó wá subú sí ẹnu ọ̀nà ilé kan nínú yìnyín. Ilé Zooni ni. Ó ń tọ́jú rẹ̀, kò dá a mọ̀, nítorí pé kò rí ojú rẹ̀ rí. Ọmọ rẹ̀ ń bá bàbá rẹ̀ ṣeré. Èèyàn ò lè mí dáadáa níbẹ̀! Ọ̀rọ̀ ohun ìjà olóró tí wọ́n ń wá kiri àti àwọn ará ọ́fíìsì ìjọba ni kò dán mọ́rán, ẹ fara dà á.

Lẹ́yìn ìyẹn, Dil Se (1998) ti Mani Ratnam. Kò fi bẹ́ẹ̀ pawó ní Íńdíà nígbà tó jáde, àmọ́ ó wọ àwọn fíìmù mẹ́wàá àkọ́kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Amar, òṣìṣẹ́ rédíò, rí Meghna, tí a wá mọ̀ pé agbésùnmọ̀mí ni, ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin lóru nínú òjò. Kí ó tó lọ ra tíì dé, ọkọ̀ ti ń gbé obìnrin náà lọ. Títí fíìmù náà fi parí, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn nìyẹn: ọkùnrin ń sáré bọ̀, obìnrin ti ní ibi tó ń lọ.

Wòran_Ayé:

Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè kan ló kù. Tí ẹ bá ní ìwé eré Kurbaan lọ́wọ́, tí wọ́n ní ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà, èwo ni?

Adékọ́gbọ́n dáhùn:

Òpin rẹ̀ ni. Ehsaan fúnra rẹ̀ ló yìnbọn pa ara rẹ̀. Obìnrin tó tàn, tó fi bojú, tó fún lóyún, dúró ń wò ó. Zooni ló yìnbọn fún Rehan nínú Fanaa, ó mọ ohun tó ń ṣe, ó sì ń sunkún. Nínú Kurbaan, láti ìgbà tí Avantika ti fi ohùn sílẹ̀ lórí fóònù Rehana, ẹlòmíràn ló ń pinnu nǹkan fún un. Ọkọ rẹ̀ pinnu bóyá ó máa yè, Riyaaz pinnu bí wọ́n ṣe máa gba ìlú là.

Tí ìbọn tàbí fóònù bá wà lọ́wọ́ Avantika ní òpin, ẹ ó ní láti padà sẹ́yìn tún gbogbo rẹ̀ tò. Irọ́ tó ń pa fún ọkọ rẹ̀ láti fi ra àkókò, ọ̀rọ̀ tó ń fà lẹ́nu Aapa nínú ilé ìdáná, báàgì bọ́ǹbù tó rí àti ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ gbé e wọ̀. Àwa tí a ń wò náà á ti mọ báàgì wo ló wà nínú ọkọ̀ wo kí eré sísá náà tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọn ò jẹ́ kó yé wa dáadáa nínú èyí tí a wò. Riyaaz á wá di ẹni tó gba ìròyìn lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì gbé e jáde, ìran mẹ́rin tàbí márùn-ún sì tó o.