Kí wọn ná: èmi àti ọ̀rẹ́ mi ará Kétu ní ilẹ̀ Faransé

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ ba ìrìn àjò mi jẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀rọ̀ náà kò sì ju "bonjour" lọ.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì kan ní ìlú Blois láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Mo nàka sí búrẹ́dì, mo sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé méjì ni mo fẹ́, mo tiẹ̀ fi "ẹ jọ̀ọ́" sí i. Ìyá tó ń tà wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Bonjour, madame." Ó dákẹ́. Mo tún ọ̀rọ̀ mi sọ, mo gbé ohùn sókè bíi pé adití ni. "Bonjour, madame." Ó tún dákẹ́. Inú ti ń bí mi, ọkàn mi sì ti lọ síbi tí ọkàn àwa èèyàn dúdú máa ń lọ nígbà tí òyìnbó bá ṣe irú èyí síni. Àfi bí ọ̀rẹ́ mi ṣe fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́: "Kí wọn ná! Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé nìyẹn? O wọlé onílé, o ò kí wọn!"

Ojú tì mí. Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n fi ìkúnlẹ̀ tọ́ dàgbà! Ọdún mọ́kànlá tí mo ti lò ní London ló jí i gbé lọ́wọ́ mi láìfura. Mo padà sí ẹnu ọ̀nà, mo tún wọlé, mo ní "Bonjour, madame." Ojú obìnrin náà tú ká. Ó di búrẹ́dì fún wa, ó béèrè ibi tí à ń lọ, ó tún jáde síta láti fi ibi tí bọ́ọ̀sì Chambord, ààfin tí à ń lọ wò, ti ń gbéra hàn wá. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ, ẹ jọ̀ọ́, ohun yòówù kí ẹ gbàgbé sílé, ẹ má gbàgbé ìkíni. Awakọ̀, ọlọ́jà, ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ kí wọn, kí ẹ tó béèrè ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ọ̀rẹ́ mi yìí díẹ̀. Kétu ní Benin ni wọ́n bí i sí, ó ti pẹ́ ní Paris. Bí ó bá di ti Faransé, òun ni agbẹnusọ. Bí ó bá di ti Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni. Láàárín ara wa, Yorùbá ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá tirẹ̀ kún fún Faransé bí tèmi ṣe kún fún Gẹ̀ẹ́sì. Lálẹ́ tí mo dé, ó fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù pé ká pàdé ní "gáà" láago méje àárọ̀. Mo ní ṣé ọ̀dọ̀ àwọn Fúlàní là ń lọ ni? Ibùdókọ̀ ojú irin ló ń sọ, "gare".

Chambord. Wọ́n ní ilé ọdẹ ni iṣẹ́ náà jẹ́ nígbà tí ọba François Kìíní bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1519. Ilé ọdẹ! Ibi ìdáná tó wà nínú rẹ̀ nìkan jẹ́ 282, odi tó yí igbó rẹ̀ ká sì gùn tó kìlómítà 32. Bí wọ́n bá ṣírò gbogbo ọjọ́ tí ọba yìí fi sùn níbẹ̀ láyé rẹ̀, kò pé oṣù mẹ́ta. Ó rán mi létí àwọn ilé alájà mẹ́ta tí àwa tí a wà lókè òkun ń kọ́ sílé, tó jẹ́ pé Kérésìmesì nìkan là ń sùn nínú wọn.

Àtẹ̀gùn àárín ilé náà ni n kò lè gbàgbé. Méjì ni, wọ́n lọ́ mọ́ra bí okùn. Ẹni tó gba ọ̀kan kò ní pàdé ẹni tó gba èkejì. Ọ̀rẹ́ mi gba tọ̀tún, mo gba tòsì. Fèrèsé wà láàárín wọn, nítorí náà à ń rí orí ara wa fìrí.

"O ti dé ibo?"

"Mo ti kọjá ẹ!"

"Irọ́!"

Ohùn wa ń dún lára òkúta bíi pé ọjà Dùgbẹ̀ la wà. Bàbá arúgbó kan tó ń sọ̀kalẹ̀ dúró, ó ń wò wá. Mo kí i kíá. Mo ti mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ kejì, Chenonceau, ààfin tí wọ́n kọ́ sórí odò Cher. Ọba Henri Kejì fi í ta àlè rẹ̀, Diane de Poitiers, lọ́rẹ. Nígbà tí ọba kú ní 1559, ìyàwó ilé, Catherine de Médicis, gbà á padà, ó sì fi ilé mìíràn rọ́pò rẹ̀ fún un. Ọ̀rẹ́ mi pàtẹ́wọ́: "Ìyáálé!" Àwọn tó dúró nítòsí wò wá.

Ebi ni mo fẹ́ kìlọ̀ fún yín nípa rẹ̀. Aago méjì àti ogún ìṣẹ́jú la dé ilé oúnjẹ ní abúlé náà. Àga wà, èèyàn ń mu kọfí, ṣùgbọ́n ilé ìdáná ti pa. Ní ìgbèríko wọn, aago méjìlá sí méjì ni oúnjẹ ọ̀sán. Bí o bá pẹ́, ó di alẹ́. Wàràkàṣì ewúrẹ́ la padà rà, èyí tí wọ́n ń pè ní Sainte-Maure, tí ọ̀pá koríko kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo fà á yọ, gbogbo rẹ̀ fọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo bu ata gígún tó wà nínú báàgì mi sí i. Ó dùn.

A padà sí Paris. Mo rí "Château Rouge" lórí àwòrán ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀. Mo ní, lẹ́yìn ààfin méjì, ẹ jẹ́ ká wo ààfin pupa yìí náà. Ọ̀rẹ́ mi kò sọ nǹkan kan ju "ó dáa, jẹ́ ká lọ." A jáde sókè: iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹja yíyan, àwọn obìnrin tó ń ná ọjà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ó ti jókòó sílẹ̀, ẹ̀rín ń pa á kú.

Ilé Eiffel, a wò ó láti ìsàlẹ̀. Ìlà rẹ̀ ti gùn jù. Ilé àkójọpọ̀ quai Branly tó wà nítòsí la wọ̀. Inú mi ru. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa àwọn ohun 26 tí wọ́n dá padà fún Benin ní 2021, àwọn tí ọmọ ogun Faransé kó ní ààfin Àbọ́mẹ̀ ní 1892, tó jẹ́ pé ilé àkójọpọ̀ yìí ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Mo rò pé yóò bá mi kígbe. Ó dákẹ́.

"Ère Glèlè, ọba Àbọ́mẹ̀, wà nínú wọn," ó ní. "Àwọn ọmọ ogun Glèlè ló run Kétu ní 1886. Wọ́n kó ìyá ìyá ìyá-ìyá mi lọ. Ó dáa tí wọ́n dá a padà, tiwọn ni. Ṣùgbọ́n má retí pé kí n jó."

N kò rí èsì fún un. Nígbà tó yá, ó ní bí mo bá fẹ́ rí ẹnu ọ̀nà tó tó ẹnu ọ̀nà, kí n fi Chambord sílẹ̀, kí n wá wo Akaba Ìdèènà ní Kétu. Mo ti ń wo iye tíkẹ́ẹ̀tì Cotonou. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé bí n kò bá kí èèyàn níbẹ̀, n kò ní rí omi mu.