Sípíkà ọkọ̀ ojú omi mi ti gbó, kí ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀?

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọkọ̀ ojú omi kan sílẹ̀ fún mi ní Aṣéjìrè, lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Fáíbà ni, ẹsẹ̀ bàtà 18. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń gbé màmá mi lọ síbẹ̀. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Atẹ́gùn orí omi àti àpàlà ni wọ́n ń torí ẹ̀ jáde nílé.

Àpàlà náà ò ṣe é gbọ́ mọ́. Sípíkà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ti mọ́tò ni gbogbo wọn, pépà inú wọn ti rọ̀ bí àkàrà tí omi wọ̀. Agídìgbo ti pòórá, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń han etí. Tí mo bá ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, igbe tín-ín-rín kan á wọnú orin, bí mo bá sì ṣe ń tẹná ló ń ga sí i. Oníṣẹ́ rédíò kan ní kí n ra amplifier ńlá, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn. ₦150,000 ni gbogbo owó ọwọ́ mi. Ṣé kí n gbà fún un?

Oníwáyà Mọ́níyà
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á. Sípíkà tó ti rọ̀, tí ẹ bá gbé agbára ńlá lé e lórí, ṣe ló máa ya.

Wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò. Ẹ fi bíléèdì ha á. Tó bá pupa lókè, tó funfun nínú, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, ẹ yọ ọ́ dànù. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ omi gan-an, òdì kejì rẹ̀ ni: á funfun lókè, á pupa nínú. Ẹ fà á tààrà láti orí báàtìrì, kí fíùsì má jìnnà sí báàtìrì ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 18 lọ. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé epo wà nínú ọkọ̀ yẹn, màmá sì wà níbẹ̀. Wáyà tó bá gbiná láàárín omi, kò síbi téèyàn máa sá sí.

Igbe ẹ́ńjìnnì yẹn, ó dà bíi pé ojú ibi tí wọ́n so nẹ́gátíìfù rédíò sí ni. Ẹ dá a padà sórí báàtìrì.

Ìyá Ìbejì Àpáta
Àbúrò, ẹ̀ẹ̀mejì ni èmi àti bàbá àwọn ìbejì ra sípíkà mọ́tò sínú ọkọ̀ wa kí ojú wa tó là. Omi odò Ọ̀ṣun ló kún Aṣéjìrè, kò níyọ̀, àmọ́ oòrùn àti òjò tó láti ba pépà jẹ́. Ra méjì péré, ínṣì mẹ́fà ààbọ̀, tí inú rẹ̀ jẹ́ ike, tí etí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Má wo nọ́ńbà gàdàgbà ara páálí, RMS ni kí o wá, ìyẹn agbára tó lè máa gbé láìdáwọ́ dúró.

Lórí omi, kò sí ògiri tó máa dá ohùn padà, torí náà dí ẹ̀yìn sípíkà pa, má jẹ́ kí ihò ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Kó o tó náwó rárá, fi báàtìrì kékeré 1.5V kan wáyà sípíkà kọ̀ọ̀kan, pọ́sítíìfù sí pọ́sítíìfù. Pépà gbogbo wọn gbọ́dọ̀ sún síta. Èyí tó bá fà sínú, wọ́n ti so ó lódì, òun ló ń pa agídìgbo.

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé
Mo ti dé ibẹ̀. Funfun ni inú wáyà, ojú ibi tí wọ́n so ó ti ṣe ẹfun. Sípíkà iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún fà sínú! Mo yí i padà, agídìgbo sì yọjú díẹ̀, nínú sípíkà jákujàku yẹn náà. Inú mi dùn débi pé mo pe màmá mi lórí fóònù kí wọ́n gbọ́ ọ. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé gan-an ni. Wáyà, fíùsì àti sípíkà méjì ni mo fẹ́ rà báyìí. Rédíò ńkọ́? Kásẹ́ẹ̀tì ni eléyìí ń lò.

Oníwáyà Mọ́níyà
Ẹ ra rédíò mọ́tò tó ní Bluetooth, kí ẹ gbé e sábẹ́ ibi tí òjò ò lè dé. Bí wọ́n bá tiẹ̀ kọ 50W sí i lára, nǹkan bíi 15 sí 20 RMS ló ń gbé jáde ní ẹnu kọ̀ọ̀kan. Ó tó fún sípíkà méjì. Ẹ gbọ́ ọ ní Sátidé méjì kí ẹ tó tún ronú kan amplifier.