"War-torn": kí lẹ̀ ń pè é nílé yín?

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbà mí o. Ọmọ mi bi mí lálẹ́ àná pé kí ni "war-torn." Mo ní "tí ogun fà ya." Ó ní, "Mọ́mì, ṣé aṣọ ni?" Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́. Ta ni ọ̀rọ̀ yìí ti dójú tì rí bíi tèmi?

Àkànní: "Tí ogun sọ dahoro." Ó parí.

Tísà Àgbà: Kò tíì parí, Àkànní. Ibi tí kò sí èèyàn mọ́ là ń pè ní ahoro. Ọ̀yọ́ Ilé dahoro. Ṣùgbọ́n nígbà tí ECOMOG, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ Làìbéríà lọ́dún 1990, èèyàn ṣì wà ní Monrovia, wọ́n ń wá ìrẹsì, wọ́n ń sin òkú.

Ọmọ Sójà: Bàbá mi bá ECOMOG yẹn lọ. Kọ́kọ́rọ́ kan ló mú bọ̀. Ó ní òun bá ilẹ̀kùn kan lórí ìdúró, tí wọ́n tì pa, kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ògiri kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà lára ìṣó ní pálọ̀ wa. Màmá wa kì í fọwọ́ kàn án.

Ìyá Ìbejì: Háà.

Jagun: Ilẹ̀kùn láìsí ògiri? Ẹ má bínú o, bàbá yín mọ ìtàn í pa.

Ọmọ Sójà: Ká ní ó ṣì wà láyé ni, òun ni ì bá dá ẹ lóhùn.

Jagun: Ẹ forí jì mí. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ rere.

Àbẹ̀kẹ́: Ìtòsí Òrù, n'Ìjẹ̀bú, ni mo dàgbà sí, níbi tí àgọ́ àwọn ará Làìbéríà àti Sierra Leone wà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn jókòó tì mí ní kíláàsì. Bí àrá bá ti sán báyìí, abẹ́ tábìlì lẹ ó ti bá a. A sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́! Ojú ń tì mí títí dòní. Mi ò gbọ́ kó pe ibẹ̀ ní ahoro rí. "Ilé" ló ń pè é.

Àkànní: Mo kó ahoro mi nílẹ̀.

Màmá Ẹlẹ́kọ: Ṣebí "tú" làwọn àgbà ń wí? Ogun tú ìlú. Ìyá ìyá mi kì í sọ ju "nígbà tí ogun tú wa n'Ìjàyè" lọ.

Tísà Àgbà: Ẹ ṣeun, Màmá! Lọ́dún 1862 ni Ìbàdàn tú Ìjàyè.

Jagun: Ẹ sọ ọ́ tán o. Ta ló kọ̀ tí kò gba Adélù ní Aláàfin? Ṣé Ìbàdàn ni àbí Kúrunmí, olórí Ìjàyè?

Màmá Ẹlẹ́kọ: Àwọn ìyá mi tí wọ́n kó lẹ́rú, àwọn náà ló kọ Aláàfin?

Àkànní: Jagun, sinmi.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yìí ní ìdánwò lọ́la. Ṣé "tú" ni kó kọ?

Jagun: Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́?